Àwọn Obìnrin Tí Ń Rànwú Nínú Àwòrán Velázquez

Nígbà tí a ń ka apá kẹfà ìwé Metamorphoses tí Ovid kọ ní èdè Látìnì, olùkọ́ wa gbé àwòrán kan wá sí kíláàsì kí ìtàn Arachne lè yé wa yékéyéké. Velázquez, ayàwòrán ọba ilẹ̀ Sípéènì, ni ó yà á láàárín ọdún 1655 sí 1660, ilé àwòrán Prado ní ìlú Madrid ni ó sì wà títí di òní. Olùkọ́ wa fi ìka lé ẹ̀yìn àwòrán náà lọ́hùn-ún, níbi tí òrìṣà obìnrin tí à ń pè ní Athena ti dé àṣíborí irin, tí ó na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ibí yìí ni ìtàn náà wà. Àwọn tí ẹ ń wò níwájú yìí, òṣìṣẹ́ lásán ni wọ́n." A kọ ọ́ sínú ìwé wa, a sì bá ẹ̀kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "lásán" yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wo àwòrán náà títí, mo sì rí i pé nínú mẹ́ta ìdá rẹ̀, ìdá méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ lásán wọ̀nyí gbà. Bí ọlọ́ọ̀nà bá fi ìdá méjì aṣọ rẹ̀ ṣe ohun tí kò já mọ́ nǹkan, a jẹ́ pé òmùgọ̀ ọlọ́ọ̀nà ni, kò sì sí ẹni tí ó lè pe Velázquez ní òmùgọ̀.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo mú àwòrán náà dání lọ fi han ìyá bàbá mi. Ìyá yìí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n Ìsẹ́yìn ni a bí i sí, ó sì rànwú nígbà èwe rẹ̀. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà sí ojú. Kò tilẹ̀ bojú wo ẹ̀yìn ibi tí olùkọ́ wa fi ìka lé. Ó ní, "Àkànní, èyí tí ó jókòó nílẹ̀ láàárín yìí, gbígbọ̀n ni òun ń gbọ̀n tirẹ̀. Òun ni èjìká yóò ro jù nínú gbogbo wọn." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ta ni wọ́n ń ràn án fún?" N kò rí èsì fọ̀ fún un ní ọjọ́ náà. Nítorí ìbéèrè yìí ni mo ṣe ń kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú àwòrán tí ọ̀rọ̀ wa dá lé. Lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán Yúróòpù, ẹ̀ka kan wà tí kì í ṣe ti ọba, tí kì í ṣe ti ogun, tí kì í sì í ṣe ti àwọn ẹni mímọ́. Ìṣe ojoojúmọ́ ni ó wà fún. Ẹni tí kò ní orúkọ ni a máa ń rí níbẹ̀: alásè, aránṣọ, ẹni tí ń pọn omi tà, àwọn tí ń mutí ní ilé ọtí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà a máa ka ẹ̀ka yìí mọ́ ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé bí ẹni tí a yà bá ti rẹlẹ̀ tó ni àwòrán náà yóò ṣe rẹlẹ̀ tó. Ìdí ẹ̀ka yìí gan-an ni Velázquez ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú Seville ni a bí i sí ní ọdún 1599, kò sì tí ì pé 20 ọdún nígbà tí ó ya ìyá arúgbó kan tí ń dín ẹyin, èyí tí ó wà ní ìlú Edinburgh nísinsìnyí. Lẹ́yìn èyí ni ó ya alomità Seville, baba arúgbó kan tí ẹ̀wù rẹ̀ ti ya ṣùgbọ́n tí ó gbé ife omi lélẹ̀ bí ẹni tí ń gbé oúnjẹ fún ọba. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni èyí wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń rànwú. (Irun àgùntàn ni wọ́n ń ràn, kì í ṣe òwú inú oko bí tiwa, ṣùgbọ́n n óò máa pè é ní òwú kí ọ̀rọ̀ má baà gùn.) N kò tí ì dé Madrid rí. Inú ìwé àti ojú kọ̀ǹpútà ni mo ti wo àwòrán náà, nítorí náà kí ẹni tí ó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí i foríjì mí bí mo bá ṣì í sọ. Obìnrin márùn-ún ni ó wà níwájú. Ní apá òsì, ìyá àgbà kan tí ó wé gèlè funfun jókòó ti kẹ̀kẹ́ ìrànwú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì yọ síta láìní ìbọ̀sẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ń yí tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí àwọn ọ̀pá inú rẹ̀ mọ́. Bí òòyì ni ó rí, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó kù níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ ọ̀dà dunjú ń yin Velázquez lórí kẹ̀kẹ́ yìí títí di òní, nítorí pé ó ya eré sísá láìya ohun tí ń sáré. Ìyá náà yíjú sí ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó di aṣọ ìkélé pupa mú, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ẹni tí ó bá ti bá àwọn àgbà obìnrin jókòó nídìí iṣẹ́ rí yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é: ẹnu a máa ṣe tirẹ̀, ọwọ́ a sì máa ṣe tirẹ̀.

Ẹni tí ó wà láàárín ni ìyá bàbá mi fi ìka lé. Ó lóṣòó nílẹ̀ nínú òjìji, ó ń gbọ̀n irun àgùntàn, ológbò kan sì wà nítòsí rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó wọ bùbá funfun kọ ẹ̀yìn sí wa, ó na apá òsì rẹ̀ gbọọrọ, ó ń ká òwú. Ẹnìkan sì ń gbé apẹ̀rẹ̀ bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn, àtẹ̀gùn kúkúrú kan gòkè lọ sí yàrá kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn obìnrin ọlọ́lá mẹ́ta wà níbẹ̀ nínú aṣọ sílíkì. Ohun èlò orin kan tí ó jọ gòjé ńlá fara ti àga. Lára ògiri ni a ta aṣọ aláwòrán ńlá kan sí, iwájú aṣọ yìí sì ni Athena àti Arachne dúró sí. Àkàbà kan fara ti ògiri láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Èmi kò rí ẹni tí ń gùn ún.

Orúkọ tí a ń pe àwòrán yìí ti yí padà, ìyípadà náà sì kọ́ mi ní ọgbọ́n. Fún ìgbà pípẹ́, gbogbo ènìyàn gbà pé ilé ìhunṣọ Santa Isabel ní Madrid ni Velázquez lọ wò, tí ó sì ya ohun tí ó rí níbẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé nígbà náà a máa yìn ín pé òun ni ó kọ́kọ́ ya ilé iṣẹ́ bí ilé iṣẹ́ ti rí gan-an. Nígbà tí ó di ọdún 1948, María Luisa Caturla fi han ayé pé òun rí ìwé kan tí a fi ka ẹrù Pedro de Arce, òṣìṣẹ́ ààfin kan, ní ọdún 1664, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ikú Velázquez. Inú ìwé yìí ni a ti pe àwòrán kan láti ọwọ́ Velázquez ní ìtàn Arachne. Ní ọdún kan náà, Diego Angulo Íñiguez ti fi ojú ara rẹ̀ rí Arachne nínú àwòrán náà, ó sì ti kọ ọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti gòkè lọ sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì ti àwọn obìnrin iwájú mọ́ ìta. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé ìyá àgbà nídìí kẹ̀kẹ́ ni Athena tí ó para dà, pé ọ̀dọ́bìnrin tí ń ká òwú sì ni Arachne; wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ìyá náà ń dán bí ẹsẹ̀ ọmọge. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ o: kí a tó lè bọ̀wọ̀ fún obìnrin tí ń rànwú, a fẹ́ kí ó kọ́kọ́ di òrìṣà.

Ibi tí mo ti ń bá olùkọ́ mi jiyàn gan-an rèé, mo sì fẹ́ kí a fi Ovid ṣe adájọ́. Ta ni Arachne? Ovid kò fi pamọ́ fún wa. Kì í ṣe ọmọ ọba, kò sì ti ìlú ńlá wá. Idmon ará Colophon ni bàbá rẹ̀, ẹni tí ń pa irun àgùntàn láró. Mẹ̀kúnnù ni ìyá rẹ̀ náà. Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ó sọ ọ́ di olókìkí ní gbogbo ilẹ̀ Lydia. Ovid sì sọ ohun kan tí a kà kọjá ní kíláàsì láìdúró: ó ní nígbà tí àwọn iwin obìnrin bá fi igbó àti odò wọn sílẹ̀ wá wo iṣẹ́ Arachne, kì í ṣe aṣọ tí ó ti parí nìkan ni ó ń wù wọ́n wò, bí ó ti ń ṣe é lọ́wọ́ náà ń wù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ: bí ọmọbìnrin náà ti ń ká irun àgùntàn tútù róbótó, bí ó ti ń fi ìka fà á kí ó lè rọ̀, bí ó ti ń fi àtàǹpàkò yí ìrànwú. Bí ẹ bá fi èyí wé àwòrán wa, ẹ óò rí i pé Velázquez kò fi nǹkan kan kún Ovid. Ohun tí ó wà níwájú ni iṣẹ́ bí a ti ń ṣe é lọ́wọ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ni aṣọ tí ó ti parí, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n wá wò ó. Apá méjèèjì ni ìtàn. Àwọn iwin Ovid wo méjèèjì. Àwọn obìnrin ọlọ́lá inú àwòrán yìí wo ẹyọ kan. Àwa ni Velázquez fi sí ibi tí ó ṣe pé bí a bá fẹ́ rí aṣọ, a kò lè ṣe kí ojú wa má kọ́kọ́ gba orí àwọn tí ń rànwú kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ìtàn náà ti parí. Arachne ní òun tó Athena í dán wò. Wọ́n jọ hunṣọ, òrìṣà náà kò sì rí àbùkù kan lára aṣọ ọmọ aláró. Ìgbà tí kò rí àbùkù ni inú bí i. Ó fa aṣọ náà ya, ó fi igi ìhunṣọ gbá a níwájú orí, ó sì sọ ọ́ di aláǹtakùn. Ẹ̀ṣẹ̀ Arachne ni pé ó mọ iṣẹ́ ju bí ipò rẹ̀ ti gbà á láyè lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìgbéraga ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́lá bá sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, ìdánilójú ni a óò pè é.

Aṣọ tí Velázquez ya sára ògiri ní àṣírí tirẹ̀. Àwòrán Titian ni, ayàwòrán ará Venice, èyí tí ó yà fún Ọba Philip Kejì ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí òrìṣà àgbà ti di akọ màlúù tí ó gbé Europa sá lọ. Inú ààfin Madrid ni àwòrán náà wà ní ayé Velázquez. Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni ó wà nísinsìnyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé sọ pé ọ̀nà tí Velázquez gbà júbà Titian ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé: ní ààfin àwọn ọba Yúróòpù, aṣọ aláwòrán wọ́n ju àwòrán ọ̀dà lọ dáadáa, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, síbẹ̀ ẹni tí ó ya bátànì rẹ̀ ni a mọ orúkọ rẹ̀, àwọn tí wọ́n gbọ̀n ọ́n, tí wọ́n ràn án, tí wọ́n hun ún, a kò mọ̀ wọ́n. Nínú àwòrán yìí, òwú tí ó ń ti ọwọ́ ìyá àgbà jáde níwájú ni yóò di Titian lẹ́yìn. Mo lè wá dá ìyá bàbá mi lóhùn wàyí: àwọn tí wọ́n wà lórí àtẹ̀gùn ni wọ́n ń ràn án fún.

Kí ni ó wá kan Velázquez nínú èyí, òun tí ó jẹ́ ayàwòrán ọba, tí ń jẹ, tí ń mu láàfin? Ó kàn án gan-an. Ní ọdún tí a rò pé ó ń ya àwòrán yìí tàbí tí kò tí ì pẹ́ tí ó yà á tán, ó ń wá ọ̀nà àtiwọ ẹgbẹ́ olóyè Santiago. Òfin ẹgbẹ́ náà le: ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun kò lè wọ ibẹ̀, ìbáà ṣe alágbẹ̀dẹ fàdákà, ìbáà ṣe ẹni tí ń ṣe ọnà sára aṣọ, ìbáà sì ṣe ayàwòrán tí ń ta àwòrán. Ní ọdún 1658 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí nípa rẹ̀, ẹlẹ́rìí tí wọ́n sì wádìí lẹ́nu wọn ju 100 lọ. Àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára wọn, Zurbarán àti Alonso Cano. Wọ́n ní kò ní ṣọ́ọ̀bù rí, pé kò ta àwòrán rí, pé nítorí kí inú ọba lè dùn nìkan ni ó ṣe ń ya àwòrán. Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọdún 1617, ó ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù ní Seville lẹ́yìn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Pacheco, ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán fún un sì gbà á láyè láti ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì ní ọmọ-iṣẹ́! Póòpù ni ó níláti fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè gbà á, nítorí wọn kò rí ọlá tí ó tó nínú ìran rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1659 ni ó gba oyè náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1660, ó kú.

Ó máa ń ya èmi ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá ẹni ni a fi ń ki ni: a kì í ki ọmọ alágbẹ̀dẹ kí a má dárúkọ ẹwìrì. Ní ti Velázquez, ó níláti mú ọ̀gọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn wá láti búra pé ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ kan náà tí ó ya kẹ̀kẹ́ tí ń yí! Bí mo bá ti rántí èyí, èmi kò lè wo àtẹ̀gùn kúkúrú inú àwòrán náà bí àtẹ̀gùn lásán mọ́. Ìsàlẹ̀ ni ó ti wá. Òkè ni ó ń lọ. Àkàbà tí ó fara ti ògiri náà sì ń dà mí láàmú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àkàbà lásán tí a fi ń ta aṣọ sára ògiri.

Ẹnìkan ṣì wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, bí kò tilẹ̀ sí nínú àwòrán yìí. Juan de Pareja ni orúkọ rẹ̀, ará Antequera, ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà nínú. Ẹrú Velázquez ni, ibi iṣẹ́ Velázquez sì ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1650, ní ìlú Róòmù, Velázquez ya àwòrán rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ọlọ́lá kan ni: orí sókè, ojú tààrà, kọ́là léèsì funfun ní ọrùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni ó kọ ìwé ìdásílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé yóò sìn fún ọdún mẹ́rin sí i. Pareja di ayàwòrán fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kan tí ó yà ní ọdún 1661 wà ní Prado, ó sì ya ara rẹ̀ sínú rẹ̀, tí ó mú ìwé tí ó fi ọwọ́ sí dání. Nígbà tí ọ̀gá ń búra pé òun kò fi ọwọ́ jẹun, ọwọ́ ẹlòmíràn ti wà nídìí iṣẹ́ náà tipẹ́tipẹ́.

Bóyá a ó sọ pé gbogbo ayàwòrán ìgbà náà ni ó rí báyìí. Ó tì. Ẹ lọ wo ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Vermeer ya obìnrin kan tí ń ṣe léèsì ní nǹkan bí ọdún 1669. Àwòrán kékeré ni, kò ju ìwé tí a ń kọ nǹkan sí lọ, ó sì wà ní Louvre ní ìlú Paris. Ó dára débi pé ẹnu kò gba ìròyìn. Ṣùgbọ́n irun ọmọbìnrin náà wà ní dídì, ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó rí jẹ, iṣẹ́ tí ń fi hàn pé a kọ́ ọ dáadáa ni ó ń ṣe, kì í ṣe èyí tí yóò fi ra oúnjẹ alẹ́. Caspar Netscher, ní ọdún 1662, ya aléèsì mìíràn tí ó wọṣọ lásán, tí ó kọjú sí ògiri pátápátá. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ìgbálẹ̀ fara ti ògiri, ìkarahun ohun jíjẹ sì wà nílẹ̀. Mo fẹ́ràn bàtà tí ó bọ́ yẹn ju gbogbo wúrà inú àwòrán mìíràn lọ. Síbẹ̀, Vermeer àti Netscher kò jẹ́ kí a rí ẹni tí yóò wọ léèsì náà. Velázquez nìkan ni ó fi ẹni tí ń ṣe é àti ẹni tí yóò lò ó sínú férémù kan ṣoṣo.

Mo ní ẹjọ́ kan láti bá Velázquez rò, n kò sì fẹ́ fi pamọ́. Obìnrin tí ń gbọ̀n òwú kò ní ojú. Ẹ lọ wò ó dáadáa: àmì ọ̀dà pupa-rúsúrúsú díẹ̀ ni, òjìji sì bo ìyókù. Ẹni tí ń ká òwú kọ ẹ̀yìn sí wa. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa sọ pé ọgbọ́n iṣẹ́ ni, pé ojú ẹni tí ó bá wọnú òkùnkùn láti inú ìmọ́lẹ̀ kì í tètè ríran. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n óò fẹ́ mọ ìdí tí òkùnkùn fi máa ń jẹ́ ti ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ tí ó bá wù mí, mo máa ń sọ pé ó fi ojú rẹ̀ pamọ́ nítorí pé ojú kọ́ ni iṣẹ́ fi ń ṣe. Ọwọ́ àti èjìká ni, ó sì ya ìwọ̀nyí bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ mìíràn, n kì í lè gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo tún padà lọ sílé, mo sọ fún ìyá bàbá mi pé mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀: àwọn obìnrin ọlọ́lá tí wọ́n wà lẹ́yìn ni wọ́n ń rànwú fún. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì bojú wo ẹ̀yìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà kò wo aṣọ, kò wo Athena. Ó yí ọrùn padà, ó ń wo wa láti orí àwọn òṣìṣẹ́ wá. Ìyá fi èékánná kàn án. Ó ní, "Èyí ńkọ́? Kí ni ó ń wá?"